Fóònù Lára Òpó, Aago Lọ́rùn Ọwọ́ Màmá Mi

Ọ̀rọ̀ èmi àti fóònù bẹ̀rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì onígi kan nínú ọjà Ìkàrẹ́, níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Fóònù mi ti ń ṣe wèrè fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí mo bá ti pe ènìyàn, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, kò sì ní tàn mọ́ títí ẹni tí mo pè á fi pa tirẹ̀. Aránṣọ ni mí. Bí oníbàárà bá wà lórí fóònù tó ń sọ̀rọ̀ burúkú sí mi nítorí búláòsì tí kò tíì parí, n kò rí ibi kankan tẹ̀ láti pa á. Mo gbọ́dọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Ọkùnrin náà yí fóònù náà síwá sẹ́yìn, ó ní ojú rẹ̀ ló ti bàjẹ́, òun á pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n jókòó kí òun fi parí ti ẹni tó ṣáájú mi. Mo jókòó. Ọwọ́ mi kò mọ bí a ti ń dilẹ̀, torí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù náà bí mo ṣe máa ń wo ojú rírán tí kò tọ́. Mo rí i pé gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ ti ká sókè díẹ̀ ní igun kan. Òwú aṣọ àǹkárá ti gba ibẹ̀ wọlé, ó sì ti ṣù jọ sórí ààmì dúdú kékeré kan tó wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ohùn ń gbà jáde. Mo fi èékánná ṣí gíláàsì náà kúrò, mo fi etí ìró mi nu ojú ibẹ̀, mo sì pe àbúrò mi. Ojú fóònù tàn, kò kú. Mo fi àtàǹpàkò bo ààmì dúdú náà, ó kú. Mo gbé àtàǹpàkò kúrò, ó tàn. Mo bò ó, mo ṣí i, mo bò ó, mo ṣí i. Àbúrò mi ń pariwo "Hẹlóò! Àǹtí! Hẹlóò!" n kò dá a lóhùn.

"Ẹ̀yin ìyá yìí," ọkùnrin náà wí, "ṣé ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa ni?"

"Èmi ò mọ nǹkan kan o. Òwú ni mo rí."

"Òwú! Aránṣọ nìkan ló lè rí òwú nínú fóònù." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá bá mi jókòó. Ó ṣàlàyé pé ojú ni ààmì dúdú yẹn. Tí a bá gbé fóònù sétí, ojú náà á rí i pé nǹkan ti sún mọ́ òun, á pa iná kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má bàa máa tẹ nǹkan. "Òwú yẹn ló bò ó lójú. Ó ń rò pé etí yín ṣì wà níbẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Mo ti ń bú fóònù náà pé ó lágídí, ó sì jẹ́ pé ohun tí ó rí ló ń ṣe. Ó ń rò pé etí mi wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, fóònù tó bá ń ṣe ségesège kì í bí mi nínú mọ́. Mo máa ń bi í léèrè ohun tó rò pé òun rí.

Bí mo ṣe di ẹni tí àwọn oníbàárà ń gbé fóònù wá bá pẹ̀lú aṣọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo ń ṣe kò ju kékeré lọ. Èyí tó ní òun kò gba iná mọ́, igi pẹlẹbẹ tí a fi ń tayín ni mo fi ń yọ ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀, n kì í fi abẹ́rẹ́ ṣe é, torí pé irin lè ba ahọ́n kékeré inú ibẹ̀ jẹ́. Èyí tí ohùn rẹ̀ kéré, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti rọ̀ ni oògùn rẹ̀. Mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù kan, mo gbé e sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo sì ń fi kàwé nípa nǹkan wọ̀nyí nígbà tí kò bá sí iná láti lọ aṣọ. Kọ̀ǹpútà yẹn ní bátìrì, áyọ́ọ̀nù mi kò ní.

Nígbà tí òòyì gbé màmá mi ṣubú nínú ìjọ ní Ọ̀kà, ní àárín ìgbà tí wọ́n ń kọ́ orin, ìmọ̀ yìí ni àbúrò mi kọ́kọ́ rántí. Dókítà ní ọkàn wọn máa ń lù jẹ́jẹ́ jù nígbà mìíràn. Ó fún wọn lóògùn, ó sì ní kí a máa ṣọ́ ọ. Àbúrò mi ń gbé ní Àbújá. Òun ló lówó jù nínú àwa méjèèjì, òun náà ló sì máa ń bẹ̀rù jù. Ó ra aago ọwọ́ kan, irú èyí tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó fi rán awakọ̀ sí mi ní Ìkàrẹ́.

"Àǹtí, ẹ bá mi so ó mọ́ fóònù wọn," ó sọ lórí fóònù. "Tí ọkàn wọn bá ń lù, màá máa rí nọ́ńbà rẹ̀ níbí."

"Tó o bá sì ti ń rí i?"

"Wọ́n á wà ní Ọ̀kà bí wọ́n ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá rí i, Àǹtí, mi ò lè máa sùn pẹ̀lú ìfòyà báyìí. Tó bá di Àjíǹde, mò ń bọ̀ wá gbé wọn."

Màmá mi gbọ́, torí pé mo ti gbé aago náà dé ọ̀dọ̀ wọn ní Ọ̀kà, mo sì ti tẹ fóònù náà kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta. Wọ́n ti gbé Àbújá lọ́dọ̀ rẹ̀ rí, fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ti sọ èrò wọn nípa rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

"Mo jókòó sínú pálọ̀ láti òwúrọ̀," ni wọ́n máa ń wí. "Tí àwọn ọmọ bá ti ilé-ìwé dé, wọ́n á dúró níwájú mi, wọ́n á sọ òyìnbó kan. Mo ní kí ni wọ́n sọ? Bàbá wọn ní wọ́n ń kí mi ni. Ta ló ń kí ènìyàn bí ẹni ń ka ìwé? Ẹ fi mí sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Ọ̀kà bú mi."

Nítorí náà, nígbà tí mo so aago náà mọ́ wọn lọ́wọ́, mo mọ ohun tí mo ń so. Mo so ó bí mo ṣe ń wọn ọrùn ọwọ́ fún apá aṣọ: ó fún díẹ̀, ṣùgbọ́n ìka kan lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Tó bá dẹ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ á máa jò síta, kò ní rí ẹ̀jẹ̀ kà. Tó bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní sàn dáadáa lábẹ́ rẹ̀. Màmá mi yí ọwọ́ wọn padà, wọ́n rí iná àwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn aago náà.

"Kí ni èyí ń wá nínú ẹran ara mi?"

"Ó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ń kọjá ni, Màámi. Ìgbàkígbà tí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i lábẹ́ ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ló ń kà á."

"Kó kà á jẹ́jẹ́."

Ìdẹra tí mo ní kò pẹ́. Mo padà sí Ìkàrẹ́, n kò tíì gbé màṣíìnì mi dúró dáadáa tí àbúrò mi fi pè. Kò rí nǹkan kan láti àárọ̀. Mo wọ ọkọ̀, a gba Àkùngbá kọjá láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré lọ sí kíláàsì, a gun òkè lọ sí Ọ̀kà. Mo bá màmá mi ní ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń gún iyán, aago wà lọ́wọ́ wọn, ara wọn dá ṣáṣá.

"Ó ń bi mí ní nǹkan kan," wọ́n wí, wọ́n na ọwọ́ sí mi.

Mo wò ó. Aago náà rò pé wọ́n ń ṣe eré ìdárayá, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun máa kà á sílẹ̀. Mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé ọmọ odó kalẹ̀.

"Fóònù yín dà, Màámi?"

"Ó wà nílé rẹ̀."

Ilé rẹ̀ ni òpó kejì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Ìdí àpáta ni ilé wa wà, ògiri amọ̀ ni, ó sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè jókòó sójú fèrèsé bí ẹni jókòó lórí àga. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ inú rẹ̀. Òpó kejì yẹn nìkan ló ń dé, kì í sì dé òpó kìíní. Bàbá mi ló kan ìṣó síbẹ̀ kí wọ́n tó kú, èmi ni mo fi àjẹkù aṣọ rán àpò tí fóònù ń gbé nínú rẹ̀. Fóònù ọ̀rẹ́ màmá mi, tí ilé wọn fara kan tiwa, wà lórí ìṣó kan náà nínú àpò tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn yìí ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin àwọn ìyá nínú ìjọ, Ìyá Olórin ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Bí fóònù kan bá dún, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù á sáré jáde, á gbé e, á sì kígbe sí ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò wa ṣe ń lo fóònù. Ó ní ibùjókòó, ènìyàn ló ń lọ bá a.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Aago ọwọ́ kò lè dá bá Àbújá sọ̀rọ̀. Fóònù ló ń bá sọ̀rọ̀, nípasẹ̀ búlútúùtù, fóònù náà á wá gbé e lọ. Búlútúùtù kì í rìn jìnnà, kò sì sí bó ṣe lè la ògiri amọ̀ mẹ́ta kọjá láti ilé ìdáná dé òpó. Bí màmá mi bá gbé fóònù mọ́ra, aago á rí fóònù, fóònù kò ní rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí wọ́n bá gbé e kọ́ sára òpó, fóònù á rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò ní rí aago.

Mo jókòó sójú fèrèsé mo rò ó. Lẹ́yìn náà ni mo rántí fóònù mi àtijọ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi ní Ìkàrẹ́, èyí tí ojú rẹ̀ ti là. Fóònù kan lè gba dátà láti inú afẹ́fẹ́, kó sì pín in fún òmíràn. Ìgbì tí wọ́n fi ń pín in lágbára ju búlútúùtù lọ, ó sì lè gba ojú fèrèsé wọlé dé ilé ìdáná. Ní ọjọ́ kejì mo gbé fóònù àtijọ́ náà wá, mo fi káàdì sí i, mo kọ́ ọ sára òpó pẹ̀lú okùn ṣájà tó wá láti ara páànẹ́lì kékeré tí wọ́n fi ń gba oòrùn. Mo wá rán àpò mìíràn, tó ní ìdè, fún fóònù màmá mi, kí wọ́n lè máa dè é mọ́ ìdí lábẹ́ ìró.

Ìyá Olórin dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n fi ọwọ́ lérán wò mí.

"Fóònù méjì," wọ́n wí, "fún ẹni tí kì í gbé ọ̀kan."

"Jowú," ni màmá mi dá wọn lóhùn, "ìdí tìrẹ gbẹ, kò sí nǹkan tí wọ́n lè dè mọ́ ọn."

Ó ṣiṣẹ́. Àbúrò mi rí nọ́ńbà, ó sì dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ó tún pè: nọ́ńbà ń dé lójú mọmọ, ṣùgbọ́n bí màmá mi bá ti sùn, ó dúró. Èyí kò ṣòro. Àwọn fóònù wọ̀nyí, bí a kò bá fọwọ́ kàn wọ́n fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ kí bátìrì lè pẹ́. Ó rò pé òun ń ṣe olówó òun lóore. Mo wọ sẹ́tìn, mo wá ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ bátìrì sí, mo yọ ti aago kúrò lára àwọn tó lè pa. Mo tún gbé ọjọ́ àti aago fóònù náà sí ibi tí yóò ti máa gbà á fúnra rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí ó ti fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣìnà. N kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Mo kàn ṣe é bí ènìyàn ṣe ń já okùn tó yọ létí aṣọ.

Láti ìgbà náà, gbogbo rẹ̀ lọ déédéé. Èmi náà ń rí nọ́ńbà náà lójú ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo máa ń ṣí ojú ìwé náà ní òwúrọ̀ kí n tó gé aṣọ àkọ́kọ́. Mo ti mọ bí ọkàn màmá mi ṣe ń rìn: tó ń lọ sílẹ̀ tí wọ́n bá sùn, tó ń gòkè díẹ̀ tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn ìjọ, tó ń fò tí wọ́n bá ń gún iyán. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Mo rí i kedere.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni iṣẹ́ aránṣọ máa ń pọ̀ jù. Aṣọ wà lórí tábìlì, ó wà lórí àga, ó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ Ẹtì, àbúrò mi pè. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Àǹtí, láti àná, mi ò rí nǹkan kan."

Mo pe fóònù ara òpó. Ìyá Olórin ló gbé e, wọ́n ní màmá mi wà, ara wọn le, wọ́n ń fọ aṣọ ìjọ. Mo sọ fún àbúrò mi pé ara wọn le.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣubú ní òru, ta ló máa mọ̀? A ti jọ sọ ọ́, Àǹtí. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Ní òwúrọ̀ Sátidé mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́, mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà. Àbúrò mi ti ṣáájú mi dé, ó ti tètè kúrò ní Àbújá. Ọkọ̀ rẹ̀ wà níwájú ilé, bùútù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, báàgì màmá mi sì ti wà nínú rẹ̀, èyí aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń lọ sí ìpàdé àgọ́. Màmá mi jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti wọ bàtà.

"Ẹ má bínú sí mi," àbúrò mi ń sọ fún wọn. "Ìgbà díẹ̀ ni. Tí ara bá ti balẹ̀ tán, ẹ ó padà wá."

"Mo ti gbọ́ ìgbà díẹ̀ rí," màmá mi wí.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Mo ní kí ó fún mi láyè díẹ̀. Ó ní kí n ṣe é, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ àwọn lọ́nà. Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Fóònù àtijọ́ wà lára òpó, ó ń pín dátà. Fóònù màmá mi wà ní ìdí wọn, ó sì ń gbà á. Aago wà lọ́wọ́ wọn, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, nọ́ńbà hàn lójú rẹ̀. Kò sí èyí tó bàjẹ́. Síbẹ̀, ojú ìwé tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi ṣófo.

Ìgbà náà ni Ìyá Olórin jáde láti ilé wọn, wọ́n ti múra, ìwé orin wà lábíyá wọn.

"Ọ̀rẹ́, ṣé o ò ní í lọ kọ́ orin ni? Aago mẹ́wàá ti lù!"

Àbúrò mi wo ọwọ́ rẹ̀. "Màmá, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni."

"Ti Àbújá nìyẹn," Ìyá Olórin wí. "Tiwa, mẹ́wàá ni."

Mo wo igun kọ̀ǹpútà mi. Mẹ́sàn-án ààbọ̀. Mo na ọwọ́ sí màmá mi, mo gba fóònù wọn, mo wo ojú rẹ̀. Mẹ́wàá. Mo wo aago ọwọ́ wọn. Mẹ́wàá.

"Ta ló fọwọ́ kan aago fóònù yìí?"

Màmá mi wo ọ̀rẹ́ wọn. Ọ̀rẹ́ wọn gbé àyà síwájú.

"Èmi ni. Gbogbo ẹgbẹ́ ni mo gbé aago wọn síwájú ní Ọjọ́bọ̀, fún ààbọ̀ wákàtí. Ìsìn ìdájí ni ti Àjíǹde. Tí mo bá ní kí wọ́n dé ní aago márùn-ún, márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n ń dé, wọ́n á tún máa yọ oorun lójú. Báyìí, tí wọ́n bá pẹ́, wọ́n dé lásìkò nìyẹn. Ọdọọdún la ń ṣe é. Ìyá mi ṣe é pẹ̀lú aago ara ògiri."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún wọn bí ọkùnrin ọjà Ìkàrẹ́ ṣe ṣàlàyé fún mi. Gbogbo nọ́ńbà tí aago bá kà, ó ń kọ àkókò rẹ̀ sí i lára kó tó rán an lọ. Ibi tó ń gbà kọjá kó tó dé Àbújá mọ aago tirẹ̀. Nígbà tó rí ọkàn tó lù ní aago mẹ́wàá, tí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ó kà á sí irọ́, ó dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan kò lè ka ọkàn tí kò tíì lù.

"Ìyẹn ni pé mo ti wà láyé lọ́la," màmá mi wí.

"Fún ààbọ̀ wákàtí, Màámi."

Mo dá aago fóònù náà padà sí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe fẹ́ ẹ. Mo pa ohun tó ń bá aago ọwọ́ sọ̀rọ̀, mo tún ṣí i. A dúró. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà láti orí èjìká mi. Kò sí nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ti Ọjọ́bọ̀ wọlé, ti ọjọ́ Ẹtì wọlé, ti òru wọlé. Aago ti tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú ara rẹ̀, kò ju ọ̀kan nù. Mo sọ fún àbúrò mi pé kí ó fi sọ́kàn pé gbogbo wọn fi ààbọ̀ wákàtí ṣáájú òtítọ́. Ó ní òun kò ní fi ìyẹn jẹ wọ́n níyà. Ó ń fi ìka tọ ìlà náà: ó lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sùn, kò lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó gòkè nígbà tí wọ́n jí. Ó mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà ti ìsinsìnyí yọ, èyí tó tóbi lókè. Méjìdínláàádọ́fà.

"Àǹtí, kí lèyí?" Ó dìde. "Wọ́n jókòó, àbí? Wọn ò ṣe nǹkan kan!"

"Wọ́n jókòó."

"Kí ló wá ń sáré báyìí?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé kí ó fi ọ̀nà kejì yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá aago dẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Màmá mi kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

"Ìwọ lo gbé báàgì mi sínú ọkọ̀," wọ́n wí.

Àbúrò mi wo wọ́n. Ó tún wo nọ́ńbà náà. Ìyá Olórin ṣí ẹnu, màmá mi gbé ọwọ́ sókè, wọ́n pa á dé. Ó rìn lọ sí ìdí ọkọ̀, ó gbé báàgì búlúù náà jáde, ó gbé e gba iwájú wa kọjá wọ inú yàrá wọn lọ. Nígbà tó jáde, ó padà wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn mi. A jọ ń wò ó. Nọ́ńbà náà kò bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, ó dúró, ó tún sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó wọ ọgọ́rin lé díẹ̀, àbúrò mi fọwọ́ nu ojú.

"Ẹ sọ fún un kó dẹ́kun kíka ọkàn mi síta," màmá mi wí fún mi. "Ó ní nǹkan tí ènìyàn ń fi pa mọ́."

"Màámi, ẹ ò lọ mọ́," ó wí.

"Mo ti rí i. Ṣé nọ́ńbà ò tíì sọ fún ọ?"

Ìyá Olórin kò fẹ́ gbọ́ ìyókù. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni pé aago ẹgbẹ́ ti bàjẹ́, màmá mi á pẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ á sì ṣófo ní ìdájí ọ̀la. Èyí náà tọ́. N kò fẹ́ kí màmá mi yàn láàárín Àbújá àti ìjọ. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń ṣí ojú ìwé sẹ́tìn aago náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ibi tí n kò tíì dé rí. Mo rí i ní abẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ojú aago: ènìyàn lè gbé ohun tí ojú aago ń fi hàn síwájú fún iye ìṣẹ́jú tó bá fẹ́, láìfọwọ́ kan àkókò tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé e síwájú fún ààbọ̀ wákàtí. Ojú aago di mẹ́wàá ààbọ̀. Fóònù dúró sí mẹ́wàá, torí mẹ́wàá gan-an ti lù báyìí. Nọ́ńbà ọkàn ń wọlé lọ sí Àbújá láìdúró.

N kò tíì mọ ẹni tó ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú aago, ṣùgbọ́n ó dájú pé onítọ̀hún ní ìyá nínú ẹgbẹ́ akọrin.

"Ó ń purọ́ fún mi, kò purọ́ fún Àbújá," màmá mi wí nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ó dára bẹ́ẹ̀."

Ìyá Olórin ní àwọn náà fẹ́ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù wọn kò ní in. Mo bá wọn gbé agogo ìtanijí síwájú dípò rẹ̀, wọ́n sì kùn títí a fi dé ìjọ, pé kò dọ́gba, pé kò yẹ kí olórí ẹgbẹ́ máa béèrè aago lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Àbúrò mi fi ọkọ̀ gbé wọn lọ kọ́ orin. Ó sun Ọ̀kà lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì bá wọn lọ sí ìsìn ìdájí. Ìgbà tí wọ́n parí orin ni ó padà sí Àbújá, òun nìkan.

Iṣẹ́ kékeré ṣì ń yọ. Nígbà òjò, páànẹ́lì kì í rí oòrùn tó, mo ní láti gbé bátìrì alágbèéká kan tó ń tọ́jú iná sí ìdí òpó. Epo pupa ti bo ẹ̀yìn aago náà rí, tí ìmọ́lẹ̀ kò ríran. Aṣọ rírọ̀ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ló tán an. Àbúrò mi kì í pè mí ní àárọ̀ mọ́. Ó ní òun máa ń wo ojú ìwé náà kí òun tó fọ ẹnu, òun á sì máa bá iṣẹ́ òun lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ni, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, kí n tó gé aṣọ àkọ́kọ́ ti òní. Láti ọjọ́ Àjíǹde yẹn, ìlà náà kò já rí. Màmá mi wà ní ilé ìdáná wọn ní Ọ̀kà, ọkàn wọn sì ń lù ní méjìdínláàádọ́rin.